Orúkọ Alágbẹ̀dẹ ní Ilẹ̀ Faransé: Bí Lefebvre Ṣe Di Púpọ̀, àti Bí Ìtumọ̀ Rẹ̀ Ṣe Sọnù

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa láti lóye, nítorí nígbà tí a bá gbọ́ Babátúndé tàbí Ayọ̀délé, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ògbufọ̀ kiri. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ní ọjọ́ tí a bí ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mìíràn ń bẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà sínú rẹ̀ tí ẹnu wọn kì í pè. Ilẹ̀ náà ni ilẹ̀ Faransé. Orúkọ tí a ó sì yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ni Lefebvre.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí orúkọ yìí lórí ìwé yóò rò pé ó ṣòro láti pè. Kò ṣòro rárá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Faransé kì í pe lẹ́tà b tí ó wà láàárín rẹ̀. Bí ẹni pé a kọ ọ́ ní Lefèvre ni wọ́n ṣe ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni Lefèvre náà sì wà, orúkọ ìdílé mìíràn ni lójú òfin. Ọmọ méjì tí ń jẹ́ orúkọ méjèèjì yìí lè jókòó lórí àga kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ pe orúkọ kan, kí àwọn méjèèjì sì dáhùn. Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Níbo ni b náà ti wá? Kí sì ni ìtumọ̀ orúkọ náà? Ìtàn náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ní ọmọ tí yóò jogún orúkọ rẹ̀.

ALÁGBẸ̀DẸ NI ÌTUMỌ̀ RẸ̀

Nígbà tí àwọn ará Róòmù ń jọba lórí ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí, èdè Látìnì ni wọ́n mú wá síbẹ̀. Ní èdè náà, faber ni wọ́n ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń fi ohun líle ṣiṣẹ́. Faber tí ń gbẹ́ igi ni gbẹ́nàgbẹ́nà. Faber tí ń lu irin ni alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí ó pẹ́, ọ̀rọ̀ náà fi àwọn oníṣẹ́ ìyókù sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, ó sì dúró ti alágbẹ̀dẹ nìkan. Ẹnu àwọn ènìyàn ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, gẹ́gẹ́ bí omi odò ti í máa fọ òkúta títí yóò fi dán, títí faber fi di fevre ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, le, sì ni àwọn Faransé fi ń ṣáájú ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, le fevre ni alágbẹ̀dẹ náà, ẹni tí gbogbo abúlé mọ̀, tí a kò ní bèèrè pé èwo nínú wọn.

Lónìí, bí ènìyàn bá wọ ọjà ní Paris tí ó sì ní òun ń wá fèvre, díẹ̀ ni yóò mọ ohun tí ó ń wí. Ọ̀rọ̀ náà ti kú lẹ́nu àwọn ènìyàn. Forgeron ni wọ́n ń pe alágbẹ̀dẹ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n kò kú tán. Ó sá pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ṣì ń lò lójoojúmọ́, èyí tí í ṣe orfèvre, alágbẹ̀dẹ wúrà. Ó sì sá pamọ́ sínú orúkọ ìdílé àwọn ènìyàn tí wọ́n pọ̀ jọjọ. Báyìí ni orúkọ ti ń ṣe fún ọ̀rọ̀ àtijọ́ ohun tí àpótí ń ṣe fún aṣọ ìyá àgbà: a kò wọ̀ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣí ideri.

BÍ ORÚKỌ INAGIJẸ ṢE DI OGÚN

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní orúkọ ìdílé, èyí tí ọmọ ń jogún lọ́wọ́ bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba wọn fọ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́yìn 400, àṣà náà bá a lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni ènìyàn ń jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Níwọ̀n ìgbà tí abúlé kéré, orúkọ kan tó. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1000 títí dé 1300, àwọn ènìyàn ń pọ̀ sí i, ìlú ń tóbi sí i, ọjà ń gbòòrò, orúkọ tí a ń sọ ọmọ níbi ìrìbọmi kò sì pọ̀ tó. Jean ni èyí, Pierre ni ọ̀hún, Guillaume ni ẹ̀kẹta. Bí a bá sì pe Jean ní ìta ọjà, ogún ọkùnrin ni yóò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí fi àlàjẹ́ kún orúkọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n gbà ṣe é. Àwọn kan gba orúkọ bàbá wọn, irú èyí tí ó wà nínú Martin, Bernard, Thomas àti Robert. Àwọn mìíràn gba orúkọ ibi tí wọ́n ń gbé: Dubois ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá igbó, Dupont ni ẹni ẹ̀bá afárá. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni a fi ìrísí wọn pè: Petit ni kúkúrú, Legrand ni gíga, Roux ni ẹni tí irun rẹ̀ pupa. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni a fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ̀: Meunier ni ẹni tí ń lọ ọkà ní ọlọ, Fournier ni ẹni tí ó ni ààrò búrẹ́dì, Mercier ni oníṣòwò wẹ́wẹ́, Lefevre sì ni alágbẹ̀dẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àlàjẹ́ náà kò ju ti ẹnì kan lọ. Bí ó bá kú, ó kú pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ jogún ilé, ilẹ̀ àti gbèsè, ó yẹ kí akọ̀wé mọ ọmọ ẹni tí wọ́n í ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àlàjẹ́ bàbá di ti ọmọ, ti ọmọ sì di ti ọmọ-ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ti lè di darandaran, tàbí atukọ̀, tàbí amòfin, kí ó má sì fọwọ́ kan òòlù rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ kí a máa pè é ní Alágbẹ̀dẹ títí dé ibojì.

ÌDÍ TÍ ALÁGBẸ̀DẸ FI BORÍ

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ló dé tí orúkọ alágbẹ̀dẹ fi pọ̀ tó báyìí, nígbà tí ó jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù lọ ní ayé ìgbà náà? Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Nítorí pé àgbẹ̀ pọ̀ ni orúkọ àgbẹ̀ kò fi lè ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá wí pé òun ń wá Jean tí ń ṣe àgbẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí gbogbo Jean tí ó wà ní abúlé ni ó ń roko. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní Jean alágbẹ̀dẹ, ọmọdé pàápàá yóò nawọ́ sí ilé tí èéfín ti ń rú. Orúkọ tí ó ya ẹnì kan sọ́tọ̀ ni orúkọ tí í lẹ̀ mọ́ ènìyàn.

Pẹ̀lú èyí, kò sí abúlé tí ó lè ṣe aláìní alágbẹ̀dẹ. Òun ni ń rọ irin ohun ìtúlẹ̀ fún àgbẹ̀, òun ni ń rọ dòjé, àáké àti ìṣó, òun ni ń fi irin dé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù, òun ni ń kan bàtà irin mọ́ pátákò ẹṣin. Bí ogun bá dé, ilé arọ rẹ̀ ni a ti ń pọ́n idà àti ọ̀kọ̀. Ẹwìrì rẹ̀ kì í sinmi, iná èédú rẹ̀ kì í kú. Níbi tí ó wà ni àwọn ènìyàn ti ń dúró de iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ ni ìròyìn sì ti ń ta kiri. Nítorí náà, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé tí kò mọ ara wọn rí, orúkọ kan náà hù jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀bá owú tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọmọ bàbá kan ni gbogbo àwọn tí ń jẹ́ Lefebvre. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn bàbá ńlá wọn ṣe. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Kì í sì ṣe ilẹ̀ Faransé nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Smith, orúkọ ìdílé tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, alágbẹ̀dẹ ni. Schmidt ti àwọn ará Jámánì, Kovács ti àwọn ará Húngárì, Kowalski ti àwọn ará Pólándì, Ferrari ti àwọn ará Itálì, Herrero ti àwọn ará Spéìnì, àti Haddad ti àwọn Lárúbáwá, ẹ̀yìn iṣẹ́ irin ni gbogbo wọn ti wá. Ibi gbogbo tí ọmọ ènìyàn ti ń jẹ oúnjẹ oko ni ó ti ń bu ọlá fún ẹni tí ó rọ irin tí a fi ro oko náà.

ORÚKỌ KAN, AṢỌ PÚPỌ̀

Ilẹ̀ Faransé kò sọ èdè kan ṣoṣo nígbà tí àwọn orúkọ wọ̀nyí ń hù. Ẹ̀ka èdè ti àríwá yàtọ̀ sí ti gúúsù, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wà ní ẹ̀bá ilẹ̀ náà tí èdè wọn kò ti inú Látìnì wá rárá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà wọ aṣọ púpọ̀. Ní àríwá, ní agbègbè tí a ń pè ní Nord, Pas-de-Calais àti Somme, Lefebvre ni ó gbilẹ̀. Ní Normandy àti àyíká rẹ̀, Lefèvre pọ̀. Bí a bá lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó bá Lefeuvre pàdé. Ní ìlà-oòrùn, ní Franche-Comté, Faivre ni. Ní àwọn òkè Savoie àti ní apá kan ilẹ̀ Swítsálándì, Favre ni.

Nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ọ̀rọ̀ kékeré nì, le, a fi wá sílẹ̀, nítorí àwọn ará gúúsù kì í sábà fi ṣáájú orúkọ. Ní Languedoc àti Provence, Fabre ni wọ́n ń jẹ́, èyí tí ó sún mọ́ faber ti àwọn ará Róòmù jù lọ. Ní Auvergne àti Limousin àti Dauphiné, Faure ni. Ní Gascony, níbi tí ẹnu àwọn ènìyàn ti sọ f àtijọ́ di h, Haure ni. Ní Brittany, níbi tí èdè mìíràn wà, gof ni alágbẹ̀dẹ, nítorí náà Le Goff ni orúkọ ìdílé wọn. Ní Alsace, ní ààlà Jámánì, Schmitt ni. Arìnrìn-àjò tí ó bá rin ilẹ̀ náà já láti etí òkun dé etí òkun yóò kí alágbẹ̀dẹ kan náà ní orúkọ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, kò sì ní mọ̀ pé òun ti kí i rí.

LẸ́TÀ TÍ ÀWỌN AKỌ̀WÉ FI SÍ I

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sórí b tí a kì í pè. Láti nǹkan bí 1300 títí dé 1600, àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́ àti ti ọba ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ ènìyàn tí ó mọ Látìnì, wọ́n sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà Látìnì sínú ọ̀rọ̀ Faransé níbi tí ẹnu ti gbàgbé wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí pé faber ní b nínú, wọ́n fi b sínú fevre, ó di febvre. Ìdí kejì tún wà tí ó bọ́gbọ́n mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ayé ìgbà náà, u àti v kò ní ìyàtọ̀ lórí ìwé; lẹ́tà kan náà ni a fi ń kọ méjèèjì. Ẹni tí ó bá rí feure kò mọ̀ bóyá fevre ni kí òun kà. Bí b bá ṣáájú, ó di àmì fún òǹkàwé pé v ni ó tẹ̀lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ṣe àtùpà di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún àwọn kan. Nígbà tí ìdí rẹ̀ di ìgbàgbé, àwọn ènìyàn kan ka Lefebure gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rí i, wọ́n pe b, wọ́n sì pe u, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tuntun mìíràn bẹ̀rẹ̀: Lefébure. Ìdílé gidi ń jẹ́ ẹ títí di òní. Ọ̀kan nínú wọn ni Louis Lefébure-Wély, ẹni tí ó gbé ayé láti 1817 títí dé 1869, tí ó sì di olókìkí atẹ-dùùrù ní àwọn ilé ìjọsìn ńlá Paris. Ẹ wo bí àṣìṣe òǹkàwé kan ti lè di ogún ọmọ-ọmọ!

Níwọ̀n ìgbà tí òfin kò tíì dá sí i, ọ̀rọ̀ náà kò tíì le. Ọkùnrin kan náà lè jẹ́ Lefevre nínú ìwé ìrìbọmi rẹ̀, kí ó jẹ́ Lefebvre ní ọjọ́ ìgbéyàwó, kí a sì sin ín ní Le Febure, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti wu ọwọ́ akọ̀wé. Ní 1539, Ọba François Kìíní pàṣẹ ní Villers-Cotterêts pé kí àwọn àlùfáà máa kọ orúkọ ọmọ tí a bá ṣe ìrìbọmi fún sínú ìwé, àti pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ ìwé ìdájọ́. Ní 1667, a tún pàṣẹ pé ẹ̀dà méjì ni kí a máa kọ. Ní oṣù September 1792, ìjọba gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n sì fi í sí ọwọ́ àwọn olórí ìlú. Lẹ́yìn náà ni òfin ti 23 August 1794 dé, tí ó wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ní 1803, a fi kún un pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí orúkọ padà ní láti tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni yíyọ́ irin ti parí. Ó ti tutù. Ẹni tí akọ̀wé kọ b fún, ó di oní-b títí láé; ẹni tí a kò kọ ọ́ fún, kò ní i mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò tí bàbá ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan di ìdílé méjì lójú òfin, nítorí àyípadà ọwọ́ ẹni tí ó di gègé mú ní ọjọ́ kan.

ÀWỌN TÍ WỌ́N MÚ ORÚKỌ NÁÀ LÓKÌKÍ

Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ni Jacques Lefèvre, ọmọ ìlú Étaples ní etí òkun àríwá, tí a bí ní nǹkan bí 1455. Ọ̀mọ̀wé ni, ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Paris fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó bá ń fi Látìnì kọ̀wé, Faber ni ó ń pe ara rẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tí ó ti di àgbàlagbà, ó dáwọ́ lé iṣẹ́ tí ó léwu jù lọ ní ìgbésí ayé rẹ̀: ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè tí àgbẹ̀ àti obìnrin ilé lè gbọ́. Ní 1523, Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀ jáde ní èdè Faransé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn ní Paris bínú sí i gidigidi. Ní 1525 ó sá lọ sí Strasbourg kí wọ́n má bàa mú un. Nígbà tí ọba dé láti ìgbèkùn ní ọdún kejì, ó pè é padà, ó sì fi í ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ní 1530, odindi Bíbélì rẹ̀ jáde ní ìlú Antwerp, nítorí títẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Faransé kò rọrùn. Ó kú ní 1536 ní Nérac, lábẹ́ ààbò Marguerite, arábìnrin ọba. Àwọn àgbà wa ní, alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti alágbẹ̀dẹ ìwé yìí rí.

Pierre Favre ni ẹnì kejì, darandaran ọmọ òkè Savoie tí a bí ní 1506. Ní Paris, yàrá kan náà ni òun àti Francis Xavier àti Ignatius ti Loyola jọ gbé, ó sì wà lára àwọn mẹ́fà tí wọ́n bá Ignatius jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní òkè Montmartre ní 1534, èyí tí ẹgbẹ́ Jesuit ti jáde wá. Ó kú ní 1546. Ìjọ Róòmù kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 2013.

Ìdílé ológun náà kò gbẹ́yìn. François Joseph Lefebvre, tí a bí ní Alsace ní 1755, wọ iṣẹ́ ogun láti ìsàlẹ̀ pátápátá, Napoléon sì fi í ṣe ọ̀gágun àgbà àti ìjòyè Danzig. Afọṣọ ni ìyàwó rẹ̀, Catherine, kí ọlá tó dé. Ó sì jókòó láàárín àwọn obìnrin ààfin láìfi bí a ti bí i pamọ́.

Ẹni tí àwọn ọmọdé yóò fẹ́ràn jù lọ ni Jean-Henri Fabre, ọmọ tálákà tí a bí ní Saint-Léons ní 1823. Olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n kòkòrò ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yóò dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ nínú oòrùn fún wákàtí púpọ̀ láti wo ohun tí agbọ́n ń ṣe, tàbí bí yímíyímí ti ń yí ìgbẹ́ ẹran lọ sílé. Láti 1879 títí dé 1907, ó kọ ìwé mẹ́wàá lórí wọn, wọ́n sì ń kà á káàkiri ayé. Ó kú ní 1915. Félix Faure ní tirẹ̀ di Ààrẹ ilẹ̀ Faransé ní 1895, ó sì kú sórí oyè ní 1899. Darandaran, ológun, olùkọ́, Ààrẹ: alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn ń jẹ́, kò sì sí ọ̀kan tí ń lu irin.

Orúkọ náà ré kọjá òkun pẹ̀lú. Ó pọ̀ ní Quebec ní ilẹ̀ Kánádà láti ayé àwọn Faransé tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀. Ní 1677, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì méjìlá tí inúnibíni ti lé kúrò nílé ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Esopus ní ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún kejì wọ́n sì tẹ ìlú New Paltz dó. Simon àti André LeFevre wà lára wọn. Kò sí ohun púpọ̀ tí ẹni tí ń sá lè kó dání. Ṣùgbọ́n orúkọ kò wúwo.

IYE WỌN LÓNÌÍ

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Faransé tí ń ka àwọn ènìyàn, èyí tí a ń pè ní INSEE, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, ti ka orúkọ ìdílé àwọn ọmọ tí a bí ní ilẹ̀ náà. Martin ni ó pọ̀ jù lọ, Bernard tẹ̀lé e. Nínú ìṣirò àwọn ọmọ tí a bí láti 1966 títí dé 1990, Lefebvre wà nínú ogún orúkọ àkọ́kọ́. Ẹ kíyè sí ohun tí ó tẹ̀lé e: Lefèvre, Faure, Schmitt àti Fabre náà wà nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún orúkọ tí ó pọ̀ jù lọ ni ó jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n túmọ̀ sí. Bí kò bá ṣe pé ọ̀nà ìkọ̀wé pín wọn, ipò alágbẹ̀dẹ ìbá ga ju bí ó ti wà yìí lọ. Martin jókòó sórí àga olórí nítorí pé ọ̀nà kan náà ni a gbà ń kọ ọ́ níbi gbogbo. Alágbẹ̀dẹ pín ogún rẹ̀ fún ọmọ púpọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá dúró kí ó borí.

Orúkọ a máa kú pẹ̀lú. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Ọkùnrin tí ó bá bí ọmọbìnrin nìkan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni orúkọ náà dúró sí. Ní 1845, onímọ̀ ìṣirò kan, Irénée-Jules Bienaymé, ti ronú lórí bí ìdílé ti ń parẹ́ báyìí. Orúkọ tí ó ní ẹni mẹ́wàá lè tán láàárín ìran mélòó kan. Orúkọ tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kì í tán bọ̀rọ̀. Nítorí náà ni àwọn orúkọ ńlá ṣe ń dúró, tí àwọn kékeré sì ń lọ. Òfin tí a ṣe ní 2002, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005, fún àwọn òbí ní àyè láti fún ọmọ ní orúkọ bàbá, tàbí ti ìyá, tàbí ti àwọn méjèèjì. Láti July 2022, àgbàlagbà náà lè gba orúkọ ìyá rẹ̀, tàbí kí ó fi í kún ti bàbá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọbìnrin alágbẹ̀dẹ ti lè fi òòlù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wàyí.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ TIWA

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn yìí kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Láti 1894 títí dé 1960, àwọn Faransé ni wọ́n ṣe àkóso ilẹ̀ Dahomey tí a ń pè ní Benin nísinsìnyí, níbi tí àwọn ará wa ti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Akọ̀wé Faransé kò ní ṣ, nítorí náà ch ni ó kọ. Dj ni ó fi dípò j, ou ni ó fi dípò u. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ sh fún ṣ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan náà, Adéṣínà, fi di Adéchina ní ìhà kan ààlà, tí ó sì di Adeshina ní ìhà kejì. Ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìwé nìkan wá wọn kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Ohun tí ó ṣe Lefebvre àti Fabre ní ilẹ̀ Faransé ti ń ṣe àwa náà, kò sì gba ẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó dé.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a dúpẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú orúkọ Lefebvre ti kú lẹ́nu àwọn tí ń jẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ inú orúkọ tiwa ṣì ń bẹ láàyè. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè yóò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́tà tí akọ̀wé kọ ni ó pa ìtumọ̀ Lefebvre. Ohun tí ó pa á ni pé kò sí ẹni tí ń sọ fèvre nílé mọ́. Bí a bá jẹ́ kí èdè kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa, orúkọ wọn yóò kù, yóò pọ̀ nínú ìwé ìkànìyàn pàápàá, ṣùgbọ́n yóò dà bí agogo tí a yọ ahọ́n rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a bẹ olúkúlùkù bàbá àti ìyá láti ṣe kò le. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹ bá ti jẹun tán, ẹ pe àwọn ọmọ jọ. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ ìdílé yín sí i pẹ̀lú àmì ohùn gbogbo bí ó ti yẹ. Ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, ẹ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ àti iṣẹ́ tí ó ṣe. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ àgbà tí ó ṣẹ́ kù nínú ilé, kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn Lefebvre ní láti lọ bá ọ̀mọ̀wé kí wọ́n tó mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn. Àwọn ọmọ tiwa kò ní láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀, bí àwa bá la ẹnu wa.